Ta ló fi pọ́ìǹtì sí nọ́ńbà mi? Àlàyé lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan pandas

Ẹ ní fáìlì CSV kan lọ́wọ́, ìyẹn àtẹ tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán, tí kọ́mà sì ya àwọn òpó rẹ̀ sọ́tọ̀. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn náà wà níbẹ̀, 00457 sì ni ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ fi pandas, irinṣẹ́ tí a fi ń túpalẹ̀ dátà, ṣí i, nọ́ńbà náà di 457. Òdo méjì ti fò lọ. Ẹ ní kò burú, bóyá èmi ni mo ṣì í ṣe. Ẹ ṣí fáìlì kejì, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò tíì gba nọ́ńbà. Lọ́tẹ̀ yìí, 457 ti di 457.0. Kì í ṣe ẹnì kan ló ṣẹlẹ̀ sí o, gbogbo òpó náà pátá ló gba pọ́ìǹtì. Ta ló rán an níṣẹ́? Ta ló sọ fún un pé à ń gé nọ́ńbà ìdánimọ̀ sí wẹ́wẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọpa rẹ̀ dé ìdí, ẹ ó ti mọ ohun tó fa èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwọn tó ń fi kóòdù ṣe ìtúpalẹ̀ dátà. Ohùn méjì ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà máa ń gbọ́. Olùkọ́ kan á ní dandan ni kó kọ́ pandas. Òmíràn á ní pandas ti di ti àtijọ́, kó lọ kọ́ Polars, irinṣẹ́ tuntun kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn méjèèjì kò purọ́, ohun tó sì ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú nìyẹn.

Ibi tí pandas ti ṣẹ̀ wá

Pandas jẹ́ àká kóòdù fún Python, ọ̀kan lára àwọn èdè tí a fi ń kọ kóòdù. Àká ni mo pè é nítorí pé kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á kàn lọ bù níbẹ̀. Àtẹ onílà àti olópòó, irú èyí tí à ń rí nínú Excel, ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣí fáìlì, ó ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ó ń ṣe àròpọ̀, ó ń so àtẹ méjì pọ̀, ó ń mú ìlà tí a fẹ́, ó ń yọ èyí tí a kò fẹ́ dànù. DataFrame ni wọ́n ń pe àtẹ náà.

Wes McKinney ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní AQR Capital Management, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn oníbàárà fi owó dókòwò. Ohun tó ń wá kò ju irinṣẹ́ tó lè fi bójú tó iye owó ọjà láti ọjọ́ dé ọjọ́ lọ. R, èdè kóòdù mìíràn, ti ní irú àtẹ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, Python kò ní. Ní 2009, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. “Panel data” ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fún àkọsílẹ̀ tí a bá ṣe léraléra nípa àwọn ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́ kan náà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé irinṣẹ́ kan wà nínú pandas nígbà náà tó ń jẹ́ Panel. Wọ́n yọ ọ́ dànù ní 2019. Orúkọ ṣẹ́kù, olórúkọ ti lọ.

McKinney kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí NumPy, àká Python fún ìṣirò, ló kọ́ ilé rẹ̀ sí. Travis Oliphant ló da àká méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀, Numeric àti Numarray, pọ̀ di NumPy, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde ní 2006. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe é fún: àwọn tó ń wọn ìgbì ohùn, tó ń ṣírò bí ooru ṣe ń rìn, tó ń yẹ àwòrán ojú ọ̀run wò. Ohun tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ni nọ́ńbà, nọ́ńbà, nọ́ńbà. Gbogbo wọn á jẹ́ irú kan náà, wọ́n á tò tẹ̀léra wọn láìsí àlàfo kankan láàárín. NumPy mọ iyẹn í ṣe, ó sì yára bí àṣá.

Àtẹ tí àwa yòókù ń lò kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ wà nínú rẹ̀, àlàfo sì pọ̀ níbẹ̀ bí ihò ajere. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ilé náà dára, ìpìlẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ náà lé ilẹ̀ fún yàtọ̀ sí ohun tí à ń gbé sórí rẹ̀ báyìí.

Àlàfo tó ń sọ odidi di wẹ́wẹ́

Ẹ jẹ́ ká padà sí 457.0. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ tọ́jú odidi nọ́ńbà, ó ya iye àyè kan sọ́tọ̀ fún un, gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà kún àyè náà ló sì ti jẹ́ nọ́ńbà kan. Kò ṣẹ́ku èyí tó lè túmọ̀ sí “kò sí nǹkan níbí.” Òdo kò lè ṣe é, nítorí òdo jẹ́ iye kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba òdo nínú ìdánwò yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá ṣe ìdánwò. Ní ti nọ́ńbà onípọ́ìǹtì, àwọn tó ṣe òfin rẹ̀ fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n pè ní NaN. “Èyí kì í ṣe nọ́ńbà” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún ìṣirò tí kò ní ìdáhùn, bíi ká pín òdo sí ọ̀nà òdo.

Nígbà tí pandas ń wá ohun tó máa fi sí ojú àlàfo, NaN ló rí, ó sì yá a lò. Ṣùgbọ́n NaN kò lè gbé inú òpó odidi nọ́ńbà, inú òpó onípọ́ìǹtì ni àyè wà fún un. Nítorí náà, bí àlàfo kan ṣoṣo bá wọ inú òpó odidi nọ́ńbà, gbogbo òpó náà ni pandas á sọ di onípọ́ìǹtì kó lè rí àyè fún àlejò kan. Ẹni tó fi pọ́ìǹtì sí nọ́ńbà yín nìyẹn.

Pọ́ìǹtì tí a lè fojú rí kò tilẹ̀ burú tó. Èyí tó burú ni pé irú nọ́ńbà onípọ́ìǹtì yìí kò lè tọ́jú gbogbo odidi nọ́ńbà bó ṣe rí gan-an. Tó bá ti kọjá 9,007,199,254,740,992, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn kan. Ẹ fún un ní 9007199254740993, ó dá a padà fún yín gẹ́gẹ́ bí 9007199254740992. Kò pariwo, kò kìlọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ (ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń lo èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ) ti di ẹlòmíràn nínú àtẹ yín. NaN tún ní ìwà kan tó ń ya ènìyàn lẹ́nu: kò bá ara rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá béèrè bóyá NaN bá NaN dọ́gba, kọ̀ǹpútà á ní rárá.

Ẹnì kan lè béèrè pé báwo ni èdè R ṣe ṣe tiwọn, tí wọn kì í jẹ́jọ́ yìí. Àwọn tó ṣe R mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn oníṣirò ìwífún ló máa lò ó, àlàfo sì ni oúnjẹ òòjọ́ àwọn yẹn. Wọ́n mú nọ́ńbà tó kéré jù nínú odidi nọ́ńbà, wọ́n fi rúbọ, wọ́n ní láti òní lọ, ìwọ kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, NA ni orúkọ rẹ. Ó tán.

Àmọ́ òdo méjì tó fò lọ níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má di ẹ̀bi ìyẹn ru pandas nìkan. Fáìlì CSV kò ní ibì kankan tí a ti ń kọ ọ́ pé òpó yìí jẹ́ nọ́ńbà, òpó yìí jẹ́ ọ̀rọ̀. Àká tó bá ṣí i ní láti méfò. Ẹ sọ fún un kó má méfò: ẹ kọ dtype=str fún òpó náà nígbà tí ẹ bá ń lo read_csv, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì CSV, 00457 á dúró sí 00457.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà

Kò sí ẹni tó bá pandas wí tó McKinney fúnra rẹ̀. Ní 2017, ó kọ àkọsílẹ̀ kan tó ti ka ohun mẹ́wàá tí kò fẹ́ràn nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí jù níbẹ̀ ni ìmọ̀ràn rẹ̀ pé kí ìrántí kọ̀ǹpútà tóbi tó ìlọ́po 5 sí 10 fáìlì tí ènìyàn fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá jẹ́ gígábáìtì 4 ní láti wá kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí náà, jẹ́ gígábáìtì 20 sí 40. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àgbélétan kò tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń jẹ ẹ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, àlàyé. Nígbà náà, NumPy kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí gígùn wọn kò dọ́gba lọ́nà tó wúlò fún àtẹ. Pandas wá dá ọgbọ́n kan: nínú òpó, kò fi ọ̀rọ̀ sí i, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé ló kọ sí i. Ẹ wo ó bí ìwé tí ẹ ṣí, tí ẹ rò pé ẹ fẹ́ ka ìtàn, tó jẹ́ pé gbogbo ìlà ibẹ̀ ń sọ pé “ẹ lọ wo yàrá 12,” “ẹ lọ wo yàrá 903.” Báìtì 8 ni kíkọ ibùgbé kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nínú yàrá tó wà, ru ẹrù tó lé ní báìtì 40 tí Python di fún un kí a tó ka lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta péré, “Ade” fún àpẹẹrẹ, wá ń gba ohun tó ju báìtì 50 lọ. Bí ìlà bá tó mílíọ̀nù mẹ́wàá, ẹ lè fojú inú wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Object ni orúkọ tí pandas ń pe irú òpó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí object lára òpó yín, ẹ mọ̀ pé yàrá sí yàrá ni kọ̀ǹpútà ń sáré.

Ohun kan náà ló ń fa ìlọ́ra. Ọ̀pọ̀ wa la ti kọ kóòdù tó ń mú ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń lo iterrows, tí a sì jókòó tì í tó fi di alẹ́. Iṣẹ́ tí NumPy ìbá fi ẹ̀ẹ̀kan ṣe lórí gbogbo òpó la dá padà fún Python pé kó máa ṣe é níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn pandas, àwa la ṣì í lò. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká fi kún un pé pandas kò ṣe ohunkóhun láti mú ọ̀nà burúkú yẹn ṣòro. Apply, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ kan rán sí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo olùkọ́ fẹ́ràn láti kọ́ ènìyàn, náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ.

Fèrèsé ni àbí fọ́tò?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ti jìyà lọ́wọ́ pandas, ẹ dárúkọ SettingWithCopyWarning létí rẹ̀. Ojú rẹ̀ á yí padà.

Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ bá gé apá kan lára àtẹ, ohun méjì ni pandas lè fún yín. Ó lè jẹ́ fèrèsé: ẹ ń wo àtẹ náà gan-an láti ojú ihò kan. Ó sì lè jẹ́ fọ́tò: wọ́n ya àwòrán apá yẹn fún yín, ó ti dá dúró. Bí ẹ bá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kun ògiri, ògiri yí àwọ̀. Bí ẹ bá kun fọ́tò, ògiri wà bó ṣe wà. Ìṣòro pandas ni pé ènìyàn kì í mọ èwo ni wọ́n fún òun. Ó sinmi lórí bí àtẹ náà ṣe wà nínú ìrántí, lórí irú òpó tó wà níbẹ̀, lórí ọ̀nà tí ẹ gbà gé e. Ẹni tó pe àtẹ rẹ̀ ní df, tó wá kọ df[df["ọjọ́_orí"] > 60]["ẹ̀dínwó"] = 10 rò pé òun ti fún gbogbo àgbàlagbà ní ẹ̀dínwó. Fọ́tò ló kùn. Àtẹ kò yí padà.

Pandas mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀, ó sì ń kìlọ̀. Ìkìlọ̀ náà ló wá di wàhálà kejì, nítorí pé nígbà mìíràn ó máa ń hàn níbi tí kò sí àṣìṣe kankan, nígbà mìíràn àṣìṣe á wà kó má hàn. Àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lẹ́nu mọ́, tàbí kí wọ́n máa fi .copy(), àṣẹ tó ń ṣe àdàkọ, sí ibi gbogbo bí ẹni ń wọ́n iyọ̀.

Ojútùú tó wá nígbẹ̀yìn rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Wọ́n pè é ní Copy-on-Write. Gbogbo ohun tí ẹ bá gé lára àtẹ á máa ṣe bíi fọ́tò, láìsí àyàfi. Ṣùgbọ́n kí ó má baà jẹ ìrántí, kọ̀ǹpútà kò ní ya fọ́tò náà ní tòótọ́ àfi ìgbà tí ẹ bá gbé ọ̀dà. Ó wọlé ní ẹ̀dà 1.5 ní 2022 fún ẹni tó bá fẹ́, ó sì di ti gbogbo ènìyàn ní ẹ̀dà 3.0. Láti ibẹ̀ lọ, kóòdù ẹ̀dínwó tí mo kọ sókè yẹn kò lè ṣiṣẹ́ láéláé, kò sí “nígbà mìíràn” mọ́, ìkìlọ̀ àtijọ́ náà sì ti lọ. Ọ̀nà tó tọ́ ni df.loc[df["ọjọ́_orí"] > 60, "ẹ̀dínwó"] = 10: ìlà àti òpó nínú àkámọ́ kan ṣoṣo. Ní tèmi, èyí ni àtúnṣe tó dára jù lọ tí pandas ti ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ba ọ̀pọ̀ kóòdù àtijọ́ jẹ́.

Orúkọ tí ìlà ń jẹ́

Ẹ̀sùn kan wà tí mi ò gbà tán. Nínú pandas, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tí a fi ń pè é, index ni wọ́n ń pe àmì náà, tí ẹ bá sì ro òpó méjì pọ̀, pandas kì í ro ẹni àkọ́kọ́ mọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tí àmì wọn bá ara mu ló ń rò pọ̀. Bí òpó kan bá ní A, B, C, tí èkejì ní B, C, D, ìdáhùn á wà fún B àti C, àlàfo ni A àti D á jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á pariwo pé dátà òun ti sọnù. Ó tún ń yọ ènìyàn lẹ́nu pé lẹ́yìn tí a bá ti ṣa ìlà díẹ̀ mú, àmì wọn á ṣì jẹ́ 3, 7, 12, kò ní tún ara rẹ̀ kà, reset_index, àṣẹ tó ń tún un kà, á wá kún kóòdù fọ́fọ́.

Ẹ rántí ẹni tí wọ́n ṣe é fún ṣá. Ẹni tó ń fi iye owó ọjà méjì wéra, tí ọjà kan ṣí lọ́jọ́ Ajé tí èkejì tì, kò sí ẹ̀bùn tó ju kí ọjọ́ bá ọjọ́ mu fúnra rẹ̀ lọ. Lórí dátà ọlọ́jọ́, mi ò tíì rí ohun tó dára tó o. Ẹni tí kò ní ọjọ́ nínú dátà rẹ̀ ló ń san owó ohun tí kò rà.

Ti ọ̀nà púpọ̀ sí ibì kan náà, mo gbà. Láti mú iye kan jáde nínú àtẹ, ẹ lè lo loc, iloc, at, iat, tàbí àkámọ́ lásán. Ìkan tún wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ ix, tó máa ń méfò bóyá àmì ìlà lẹ ní lọ́kàn àbí ipò rẹ̀, tó sì máa ń ṣì í nígbà tí àmì náà bá jẹ́ nọ́ńbà. Wọ́n ní kí a má lò ó mọ́ ní 2017, wọ́n sì yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2020. Inplace=True, tó ní kí pandas tún àtẹ náà gan-an ṣe dípò kó dá tuntun padà, ṣì wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ó ń dín ìrántí kù; lọ́pọ̀ ìgbà kò dín nǹkan kan kù, àdàkọ ló ń ṣe lábẹ́lẹ̀.

Àwọn tó wá lẹ́yìn

Ní oṣù kejì 2016, Apache, àjọ kan tó ń bójú tó kóòdù ọ̀fẹ́, kéde iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Arrow, McKinney sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Arrow kì í ṣe àká tí ẹ máa fi túpalẹ̀ dátà. Àdéhùn ni: báyìí ni kí gbogbo wa máa to òpó sínú ìrántí, kí àká kan lè fún èkejì ní àtẹ láìtún un kọ. Nínú àdéhùn náà, òpó kọ̀ọ̀kan ní àkójọ àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé eléyìí wà, eléyìí kò sí. Àlàfo kò nílò iye àkànṣe kankan nínú òpó mọ́, odidi nọ́ńbà lè máa jẹ́ odidi lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Gbogbo wọn so pọ̀ lórí ìlà gbọọrọ kan, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀.

Orí Arrow ni Polars kọ́lé sí. Ritchie Vink bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2020, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní oṣù keje 2024. Kò ní index. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ọpọlọ (core) mẹ́jọ, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló máa lò, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ni pandas máa ń lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù wà nínú bó ṣe ń gba iṣẹ́ rírán. Pandas jẹ́ ọmọ tó ti dìde lọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ní kó ṣí fáìlì, ó ṣí gbogbo òpó 40 tó wà níbẹ̀. Ẹ wá ní ìlà ti ọdún yìí nìkan lẹ fẹ́, ó ju ìyókù dànù. Ẹ tún ní òpó mẹ́ta ti tó. Ó ti ru ẹrù tí kò yẹ kó rù. Polars lè jókòó gbọ́ yín dé òpin, kó ronú lórí gbogbo ohun tí ẹ sọ, kó tó wá lọ mú òpó mẹ́ta àti ìlà ọdún yìí nìkan wá. “Lazy” ni wọ́n ń pe ìyẹn, ìyẹn ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ọlọ́gbọ́n ni. (Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ fún pandas tẹ́lẹ̀ pé òpó mẹ́ta péré ni kó ṣí, usecols wà fún un. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa rántí, kì í ṣe òun.)

DuckDB gba ọ̀nà mìíràn. Hannes Mühleisen àti Mark Raasveldt ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ìwádìí CWI ní Amsterdam, ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 2019, 1.0 sì dé ní oṣù kẹfà 2024. SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ibi ìpamọ́ dátà, lẹ ó fi bá a sọ̀rọ̀, ó sì lè ka àtẹ pandas tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín tààrà. Fún ẹni tó ti mọ SQL, mi ò mọ ìdí tí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ ó máa rí àwòrán tó ń fi hàn pé àká kan yára ju pandas lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Ẹ wo ẹni tó ṣe ìdíje náà kí ẹ tó gbà. Kò sí ẹni tó ń ta ọjà tó máa yan ibi tí ọjà rẹ̀ kò ti ní tà. Ẹ tún wo bí fáìlì tí wọ́n lò ṣe tóbi tó. Lórí ìlà ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ìyàtọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú ojú.

Àwọn tuntun náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan pandas pé ó ń yí orúkọ nǹkan padà. Nígbà tí pandas yọ append, àṣẹ tó ń fi ìlà kún àtẹ, kúrò ní ẹ̀dà 2.0, ní 2023, àìmọye ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló dákú. Ní ọdún yẹn kan náà, Polars sọ groupby, àṣẹ tó ń pín ìlà sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, di group_by, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ náà sì dákú. Lápá ọ̀dọ̀ R, ẹ̀sùn yìí ló gbóná jù. Hadley Wickham gbé dplyr, àká R fún iṣẹ́ àtẹ, jáde ní 2014, ó dùn ún kà, ó dùn ún kọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ gather àti spread, àṣẹ tó ń yí ìrísí àtẹ padà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a ní 2019 pé wọ́n ti ní kó máa lo pivot_longer àti pivot_wider. Àwọn tí kò lè fara da ìyẹn sá sọ́dọ̀ data.table, àká R mìíràn tí Matt Dowle ti bẹ̀rẹ̀ láti 2006: ó yára gan-an, kì í tètè yí padà, ojú rẹ̀ sì le bí òkúta fún ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. R fúnra rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń sọ òpó ọ̀rọ̀ di ohun mìíràn tí a kò rán an, kó tó jáwọ́ ní ẹ̀dà 4.0.0 ní 2020.

Ibi tí pandas dé báyìí

Pandas kò jókòó. Ní 2019, ẹ̀dà 0.24 mú irú odidi nọ́ńbà kan wá tó lè gba àlàfo. Int64 ni, pẹ̀lú I ńlá. Èyí tó ní i kékeré ni ti NumPy. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà ńlá àti kékeré ni ìyàtọ̀ ohun méjì tí ìwà wọn kò jọra rárá. Mi ò ní ohun tí mo lè fi gbèjà ẹni tó yan orúkọ yẹn. Ní oṣù kẹrin 2023, ẹ̀dà 2.0 gba ènìyàn láyè láti ní kí àtẹ òun gbé lórí Arrow látòkè délẹ̀: ẹ ó fi dtype_backend="pyarrow" kún read_csv. Ní 3.0, òpó ọ̀rọ̀ kì í ṣe object mọ́, str ni, orí Arrow ló sì ń gbé bí Arrow bá wà lórí kọ̀ǹpútà náà.

Odidi nọ́ńbà tó ní àlàfo ńkọ́? Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, ó ṣì ń di onípọ́ìǹtì títí di 3.0. Kóòdù tó ti gbára lé ìwà yẹn láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ kan án á gbọ́ ariwo. Ohun tí àwọn àká tuntun kò ní láti rù nìyí. Polars bẹ̀rẹ̀ nígbà tí pandas ti fi ọdún méjìlá ṣàṣìṣe fún un.

Ṣé kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí wá fi pandas sílẹ̀? Bí fáìlì rẹ̀ bá wọ inú ìrántí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa, tó sì ń lo àwọn àká mìíràn tó ń yàwòrán tàbí tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́, mi ò rí ohun tó ń lé e. Àtẹ pandas ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀ jù. Bí fáìlì bá ti ń mú kí kọ̀ǹpútà náà dákú, Polars tàbí DuckDB ni kó fi ṣe iṣẹ́ àfagbáraṣe, kó dín àtẹ náà kù, kó sì fi to_pandas() tàbí df() gbé èyí tó ṣẹ́kù padà wá. Ìlà kóòdù kan ni.